Eré tí àgbà ti mọ̀: bí a ṣe ń ṣètò eré àjọṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà l'Abẹ́òkúta

Ẹ wo ìyá tó ta àdìrẹ ní Ìtòkú fún ogójì ọdún, tó fi owó rẹ̀ kọ́lé, tó fi rán ọmọ níwèé. Ó wá dé ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, wọ́n ní kó máa pàtẹ́wọ́ kó sì máa ka ABD bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bó bá yí ojú sí ògiri, kì í ṣe pé kò fẹ́ ṣeré. Ó rí i pé wọ́n ti sọ òun di ọmọdé ni. Ibẹ̀ ni eré ti sábà máa ń bàjẹ́ ní irú ilé báyìí: òṣìṣẹ́ ló mọ eré, àgbà ló wá di akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ yí i padà. Ẹ mú eré tí àwọn àgbà ti mọ̀ kí wọ́n tó bí yín, kí wọ́n máa kọ́ yín, kí iṣẹ́ tiyín jẹ́ àga, tábìlì, omi mímu, ilé ìtọ̀ àti àkókò. Iṣẹ́ yẹn náà kò kéré.

Àkókò, àga àti ohùn

Aago 10 àárọ̀ ló dára jù, kí eré má sì ju ìṣẹ́jú 45 lọ. Nígbà yẹn wọ́n ti jẹun, wọ́n ti lo oògùn, oòrùn kò sì tíì mú. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, oorun ló máa ń kun wọn. Bó bá sì ti ń di ìrọ̀lẹ́, àwọn tí iyè wọn ti ń rá máa ń dààmú: wọn á ní àwọn fẹ́ lọ sílé, wọn á máa wá ìyá wọn tó ti kú tipẹ́. Ẹni tó bá gbé eré ńlá sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìjà. Ẹ má fi nǹkan kan sí ọ̀sán Jímọ̀ tàbí òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló jọ ń gbé irú ilé yìí l'Abẹ́òkúta, kò sì sí eré tó dùn tó èyí tí wọ́n máa fi ìjọsìn sílẹ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀. Bí wọ́n bá lò ó ní aago 8, aago 9 sí 10 ni ìtọ̀ máa ń gbé wọn jù. Nítorí náà, bí Ìyá bá ń sọ pé “mi ò ṣe,” ó lè jẹ́ ìbẹ̀rù pé òun lè tọ̀ sára lójú ẹgbẹ́ ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ẹ mú gbogbo wọn lọ sílé ìtọ̀ ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú eré, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì fi ẹni tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́ sí ibi tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Àga gbọ́dọ̀ ní ọwọ́, kó má ní táyà, kí ibi ìjókòó rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 45, kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ẹ ṣọ́ra fún àga rọ́bà funfun tí a fi ń ṣe òde. Lórí táìsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yà, àgbà tó bá sì fi gbogbo ara tẹ apá kan kó lè dìde lè bá a dojú dé. Bí kò bá sí àga mìíràn, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, kí ẹnì kan sì dì í mú nígbà tí wọ́n bá ń jókòó àti nígbà tí wọ́n bá ń dìde.

Ohùn tó lọ sókè tó sì tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ sọnù létí àgbà. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́bìnrin fi lè máa pariwo síbẹ̀ tí Bàbá kò gbọ́, ṣùgbọ́n tí awakọ̀ bá fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, Bàbá á dáhùn. Ẹ sọ ohùn yín kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ẹnu yín, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ènìyàn mẹ́jọ ló pọ̀ tó fún eré tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Mẹ́wàá fún eré bọ́ọ̀lù. Olùtọ́jú kan fún àgbà mẹ́rin.

Ẹ má fi orúkọ inú fáìlì pe ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti mú wọn dé ni kí ẹ ti bi ọmọ wọn léèrè: kí ni wọ́n ń pè wọ́n ládùúgbò? Ìyá Ṣadé ni, àbí Alàájà, àbí Olóyè, àbí Tíṣà? Kí ni oríkì wọn? Kì í ṣe pé kí òṣìṣẹ́ ọmọ ogún ọdún máa pe Bàbá ní Àkànní o. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa pè é bẹ́ẹ̀ nínú eré, ẹ ó sì rí bí orí rẹ̀ yóò ṣe wú.

Àdìrẹ: wọ́n á di, wọn ò ní rẹ

Nínú gbogbo eré tó yẹ ilé àgbà l'Abẹ́òkúta, èyí ló wà níwájú, nítorí kò sí bí ẹ ṣe máa kó obìnrin mẹ́jọ tó dàgbà sí ìlú yìí jọ tí ẹnì kan kò ní mọ ìdí àdìrẹ. Ẹni yẹn ni ọ̀gá iṣẹ́. Ẹ fi í sí àárín.

Ẹ ra aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú ṣe, ọ̀pá (yáàdì) méjì tó fẹ̀ ní íńṣì 36. Bí ẹ bá gé e sí íńṣì 18 ní gígùn àti íńṣì 18 ní fífẹ̀, ẹ ó rí mẹ́jọ gééré, ẹnì kan ìkan. Kó má jẹ́ aṣọ tó ní pọ́lísítà nínú. Elú kì í mú un. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó lò ó, nítorí ẹ̀kọ tí ilé iṣẹ́ fi le aṣọ tuntun kì í jẹ́ kí aró wọlé. Lẹ́yìn èyí, kí ẹni kọ̀ọ̀kan fi òwú rán àmì tirẹ̀ sí igun: ìlà méjì, àgbélébùú, ohun tó bá wù ú. Ẹ má fi báírò kọ orúkọ. Yóò parẹ́ nínú aró, àwọn ìyá yóò sì máa jà lórí aṣọ ta ni.

Fún àdìrẹ oníko, ẹ rẹ ìko sínú omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kó lè rọ̀. Wọn á fi òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ, wọn á fa aṣọ bò ó, wọn á sì fi ìko wé ọrùn rẹ̀ le dáadáa. Ibi tí ìko bá wà ni yóò funfun. Ibi tó bá dẹ̀ ni aró yóò gbà wọlé, tí iṣẹ́ náà á dàpọ̀ mọ́ra. Àwọn tí làkúrègbé ti mú ìka wọn kò ní lè fà á le. Fún wọn, ẹ lo rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin fún ìdì kan. Tàbí kí ẹ fi ènìyàn méjì méjì ṣe é: ẹnì kan á di aṣọ mú, ẹnì kejì á wé ìko. Méjì méjì yìí ló tún ń mú ọ̀rọ̀ jáde jù.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló yẹ àwọn tí ọwọ́ wọn ṣì dúró. Ẹ po ife láfún kan mọ́ omi tútù díẹ̀ kó má ṣe kókó, kí ẹ da omi gbígbóná sí i títí yóò fi tó nǹkan bí ife mẹ́rin, kí ẹ sì máa rò ó lórí iná títí yóò fi jinná tó sì dán. Ẹ fi álọ́ọ̀mù lílọ̀ ṣíbí kékeré kan sí i, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Àwọn aládìrẹ kan ń fi òkúta aláwọ̀ búlúù sí i kó má bàa tètè kan. Májèlé ni, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, torí ẹ̀kọ lásán ni ẹni tí iyè rẹ̀ ti rá máa rí, yóò sì fi kan ẹnu. Ẹ dán an wò lórí àkísà: bí ìlà bá ń tàn kálẹ̀, omi ti pọ̀, bó bá gbẹ tó sì ń ya, ó ti ki jù, aró yóò gba ojú yíya yẹn wọlé. Ìyẹ́ apá adìẹ ni wọ́n fi ń ya á. Ẹ wé fóòmù mọ́ ibi ìdìmú ìyẹ́ náà títí yóò fi nípọn tó àtàǹpàkò, ẹ̀yin náà ẹ ó rí i pé ọwọ́ tó ń gbọ̀n yóò dúró díẹ̀. Ẹ lẹ etí aṣọ mọ́ pátákó kó má máa yọ̀. Ẹ má fún wọn ní àwòrán láti tẹ̀ lé o; ìyá tó mọ Ìbàdàndùn tàbí Olókun, àwọn àwòrán àdìrẹ àtijọ́, kò nílò àwòrán yín.

Kí ẹ̀kọ gbẹ kanrin ní oòrùn, ọjọ́ kan tàbí méjì. Nígbà òjò, kì í gbẹ, ó máa ń hu funfun, nítorí náà ẹ fi ti ẹlẹ́kọ sí oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta, kí ẹ sì máa ṣe oníko nígbà òjò.

Rírẹ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe é nínú ilé náà. Kọ́sítíìkì (kọ́sítíìkì sódà) tí wọ́n ń lò nísinsìnyí ń jó ara, èéfín áídrò, kẹ́míkà kejì tí wọ́n ń dà sínú aró, sì ń gba ẹni tí àyà rẹ̀ kò lágbára léèmí. Ẹ kó aṣọ lọ bá aládìrẹ ní Ìtòkú tàbí Asẹ́rò, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹlẹ́kọ wà níbẹ̀, kí ó rẹ ẹ́ nínú aró tútù. Bó bá rì í bọ inú aró gbígbóná, ẹ̀kọ yóò yòrò, aṣọ búlúù lásán lẹ máa gbé padà wálé. Ti àbẹ́là pẹ̀lú, ẹ fi sílẹ̀: òróró àbẹ́là gbígbóná àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò bára wọn tan.

Ọjọ́ tí aṣọ bá padà dé ni kí àwọn àgbà tó tú ìko. Ẹ má tú u fún wọn.

Ayò ọlọ́pọ́n

Ọpọ́n ní ojúlé 12, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ojúlé, àpapọ̀ 48. Ẹni tó bá fẹ́ ta yóò kó gbogbo ọmọ inú ojúlé kan tirẹ̀, yóò máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, yóò sì wọ ilé ẹnì kejì. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ojúlé ẹnì kejì tó sì sọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Èyí wà fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀ ọ́n; àwọn bàbá kò nílò rẹ̀, wọ́n sì lè ní òfin àdúgbò tiwọn tó yàtọ̀ díẹ̀. Kí wọ́n fẹnu kò lórí òfin kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń wá.

Ọ̀pọ̀ ọpọ́n tí wọ́n ń tà fún àwọn àlejò ló jẹ́ ọ̀ṣọ́, ojúlé wọn kò jìn, ìka àgbà kò sì lè wọ̀ ọ́. Ẹ wá èyí tí ìka mẹ́rin lè wọ inú ojúlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá sí, ẹ gba páálí ẹyin olọ́gbọ̀n, èyí tó ní ihò márùn-ún lọ́nà kan, mẹ́fà lọ́nà kejì. Ẹ gé ìlà méjì tó ní mẹ́fà mẹ́fà kúrò lára rẹ̀: 12 pé. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó kó lè wúwo, kí ẹ sì fi aṣọ ìnura tútù sábẹ́ rẹ̀ kó má máa sáré lórí tábìlì. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ẹ kun inú ojúlé ní funfun fún un. Ọmọ ayò tó ní àwọ̀ eérú kì í hàn nínú igi dúdú. Ẹni tí ìka rẹ̀ ti le, ẹ fún un ní ṣíbí.

Ẹ ka ọmọ ayò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un kà tó bá parí. Bó bá jẹ́ 47, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde: ẹ wo inú àpò, abẹ́ àga, àti ẹnu. Ọmọ ayò le, ó sì tó ohun tó lè dí ọ̀nà ọ̀fun. Fún yàrá tí àwọn tí iyè wọn ti rá pọ̀ sí, ẹ lo ìdérí ìgò ohun mímu dípò rẹ̀, kí ojúlé tóbi.

Àwọn òǹwòran ni ìdajì ayò. Ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, gbọ́dọ̀ rí òǹwòran tó máa bá a fi ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá fi bàbá méjì sí igun kan pé kí wọ́n máa ta jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á ta ẹ̀ẹ̀kan, wọn ò ní ta á mọ́. Ẹ pín àwọn ènìyàn mẹ́jọ sí ẹgbẹ́ méjì. Ẹnì kan ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ta ẹ̀ẹ̀kan, yóò sì fún ẹni tó kàn láyè, àwọn yòókù yóò máa dá sí i. Bí wọ́n bá ń pariwo pé “Ó ń ṣe màgòmágó!”, ẹ má tètè wọ àárín wọn. Ariwo ni, ìgbà tí ẹnì kan bá dákẹ́ tó sì gbé ọwọ́ kúrò lórí ọpọ́n ni kí ẹ dá sí i.

Lúdò àti wọ́ọ̀tù náà wà níbẹ̀. Ẹ ra bọ́ọ̀dù lúdò ńlá, ẹ fi ife ju dáìsì kó má bọ́ sílẹ̀, ó tán.

Ẹ̀gúsí, ewédú àti àpótí oko orí tábìlì

Ẹ̀gúsí bíbó kì í ṣe eré lójú ẹni tó kọ̀wé ètò, ṣùgbọ́n ẹ gbé atẹ́ kan sí àárín ìyá mẹ́fà, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò ní tán. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń ṣiṣẹ́, ojú kò sì sí lára ẹnikẹ́ni láti sọ̀rọ̀. Kóńgò kan ti tó. Ẹ gbọ̀n ọn kí ẹ tó gbé e kalẹ̀, kí òkúta má sí nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ funfun bo atẹ́ bí ẹ̀gúsí náà bá ti dúdú, kó lè hàn. Ewédú jíjá náà dára bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ rọrùn fún ìka ju ẹ̀gúsí lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ ọwọ́ ṣáájú, kí ohun tí wọ́n bó sì wọ inú ìkòkò ilé náà lọ́sàn-án yẹn. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ kó o dànù, ẹ ò ní rí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ kejì.

Fún gbígbìn, ẹ kan àpótí pátákó tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 25, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ tí gíga rẹ̀ yóò jẹ́ kí orúnkún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ìjókòó wọ abẹ́ rẹ̀, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 70. Ìdá méjì iyẹ̀pẹ̀, ìdá kan ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa. Èyí tó bá ṣì ń gbóná yóò jó gbòǹgbò. Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kì í pẹ́ hù, a sì lè já a láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin; àgbà kò fẹ́ gbin ohun tí òun kò ní rí. Èso rẹ̀ kéré gan-an, nítorí náà ẹ po ṣíbí kékeré kan mọ́ ife yanrìn gbígbẹ kó má bàa bọ́ sójú kan. Èso ewédú kì í hù bẹ́ẹ̀ lásán, ó ní èèpo líle. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, ẹ fà á yọ, ẹ sá a. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá yóò ti sọ èyí fún yín kí ẹ tó ka ìwé yìí tán. Agbè tàbí kẹ́ẹ̀gì wúwo jù láti bomi rin. Ìgò lítà kan tí ẹ lu ihò sí ìdérí rẹ̀ ti tó.

Bọ́ọ̀lù nínú agbo

Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa lo ara ní ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, kó sì máa ṣe eré tó ń mú ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin ní ọjọ́ mẹ́ta. Ní ilé àgbà, ìjókòó ni a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ṣáájú. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti dé 180 lórí 110 yóò máa wòran lónìí, kí nọ́ọ̀sì sì gbọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́: kí wọ́n máa gbé orí ẹsẹ̀ sókè sódò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n yí èjìká, kí wọ́n la ọwọ́ kí wọ́n sì pa á. Kí wọ́n máa kà á síta tàbí kí wọ́n máa kọrin sí i. Ẹni tó bá ń sé èémí nígbà tó ń lo agbára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè; ẹni tó bá ń kọrin kò lè sé èémí.

Bọ́ọ̀lù rọ́bà fífúyẹ́ tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí ló dára, fífẹ̀ rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40. Ẹ má fẹ́ ẹ kún tán. Èyí tó bá rọ̀ díẹ̀ rọrùn láti hán. Bàlúùnù máa ń bẹ́, ẹ̀rù á ba àwọn kan, awẹ́ rẹ̀ sì lè dí ọ̀fun. Ẹ to àga ní agbo, orúnkún sí orúnkún kó jìn tó mítà méjì. Ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù yóò kọ́kọ́ pe oríkì ẹni tó ń jù ú sí, kí ẹni náà lè gbójú sókè. Bọ́ọ̀lù tí a kò retí ló ń bá ni lójú. Bó bá ti mọ́ wọn lára, ẹ fi ìlú sí i: ẹni tó bá hán an yóò dárúkọ àdúgbò kan. Kémta, Ìjẹun, Ìgbẹ̀ìn, Ìpóró, Ìtọ̀kò, Ìkìjà, Ìjẹ̀mọ̀, Ìbarà. Ẹni tó bá tún èyí tí wọ́n ti pè pè, ó di ẹni tó máa kọrin. Àwọn ará Òwu àti àwọn ará Aké á máa dápàárá fún ara wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ egungun ìbàdí fún kò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú láti he bọ́ọ̀lù nílẹ̀, iṣẹ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn. Bí òòyì, àyà dídùn tàbí èémí kúkúrú bá mú ẹnikẹ́ni, ẹ dá eré dúró. Bó bá parí, kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó dìde, torí ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ lójijì. Ẹ gbé omi fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Àgbà kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ẹ̀pà àti ṣíńṣín kì í ṣe ìpanu fún ẹni tí kò lè jẹ nǹkan líle tàbí tí oúnjẹ máa ń pa lórí.

Àlọ́, owó àtijọ́ àti orin

Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà pa àlọ́ àpamọ̀, kí òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọ iléèwé tó wá kí wọn máa já a. Bí ẹ bá ṣe é ní òdì kejì, ìdánwò ni, àgbà tó bá sì gbàgbé á tijú. “Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú tọrí bọ̀ ọ́.” Ọmọrogùn ni. “Kí ló kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?” Àgbàrá òjò. Àwọn ọmọ òde òní kì í mọ̀ ọ́n, inú àgbà á sì dùn láti borí wọn. Àwọn kan á ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ gbé e sí ẹ̀yìn oúnjẹ alẹ́ fún àwọn tí iyè wọn ṣì pé, kí àwọn yòókù lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ ìgbà àtijọ́ náà ní bí a ṣe ń bi í. “Ṣé ẹ rántí?” kì í ṣe ìbéèrè tó dára, torí “rárá” ló ń pa á. Ẹ bi wọ́n pé, “Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà?” Ẹ fi ohun kan lé wọn lọ́wọ́, ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan: áyọ́ọ̀nù eléèédú, àwo tánganran, lántẹ́ẹ̀nì. Owó ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ wá ọ̀níní oníhò bí ẹ bá lè rí i, kí ẹ sì ṣe ọjà pẹ̀lú owó àtijọ́: kọ́bọ̀ 12 nínú ṣílè kan, ṣílè 20 nínú pọ́n-ùn kan, tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́fà. Kí ni tọ́rọ́ lè rà? Ta ló ń tà á, níbo? Ìyá tó bá ti ṣòwò rí kò ní nílò bébà láti ṣe ìṣirò. Ọjọ́ tó bá ọ̀rọ̀ mu tún wà: January 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, 2 April 1972 tí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, 1 January 1973 tí náírà dé, 3 February 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ẹ rọra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wẹ́tìẹ̀ (rògbòdìyàn òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n ti ń dáná sun ilé àti ènìyàn), ogun abẹ́lé, orogún àti ọmọ tó kú. Bó bá jáde fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má yí ọ̀rọ̀ padà kíákíá, kí ẹnì kan sì jókòó ti ẹni náà lẹ́yìn tí eré bá tán.

Fún orin, ẹ mú ọdún tí wọ́n bí àgbà náà, kí ẹ fi 15 kún un, lẹ́yìn náà 30. Ẹni tí wọ́n bí ní 1943, orin 1958 sí 1973 ni tirẹ̀. Sákárà Yusuf Ọlátúnjí máa ń mú ọwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè l'Abẹ́òkúta, pàápàá lára ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Orin mẹ́rin ti tó. Ẹ bi gbogbo yàrá bóyá wákà tàbí orin ìjọ wù wọ́n, ẹ má kàn fi èyí tó wù yín.

Ẹni tó kọ̀, àti ìjáde

Ẹni tó bá kọ̀, ẹ má fà á. Ẹ fún un níṣẹ́: kí ó ka ọmọ ayò, kí ó ṣe adájọ́, kí ó di ìko mú. Wíwòran pẹ̀lú eré ni. Bí ẹni tó máa ń wá tẹ́lẹ̀ bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ara ríro, etí dídí tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè wà níbẹ̀. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ọ́ sí: ta ló wá, ó pẹ́ tó báwo, kí ló mú un rẹ́rìn-ín, kí ló ro ó.

Ìjáde kan lóṣù ti tó, àgbà mẹ́rin pẹ̀lú olùtọ́jú méjì àti awakọ̀. Ìsàlẹ̀ Òkè Olúmọ dára ní aago 9 àárọ̀. Wọn kò ní láti gun àtẹ̀gùn kí wọ́n tó gbádùn rẹ̀. Ìtòkú dùn jù ú lọ fún àwọn ìyá ọlọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ má lọ lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ lọ wo ibi tí kẹ̀kẹ́ ìjókòó lè gbà àti ibi tí ilé ìtọ̀ wà. Ẹ kó omi, aṣọ ìpààrọ̀, páàdì àti ìwé oògùn wọn dání. Ẹ fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ láti ná. Ìyá tó bá dúró níwájú ìsọ̀ lè ná ọjà fún ìṣẹ́jú 20 lórí ohun tí kò ní rà. Ẹ fi àkókò yẹn kún ètò yín.